Afárá kan, òfin méjì: bí òfin ìbọn ṣe ń yí padà láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Àbúrò mi kan tó ti ń gbé Houston fún ọdún mẹ́sàn-án rí iṣẹ́ tuntun sí Maryland. Ó ti di ẹrù sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó háyà, ó ku ọ̀la kó gbéra, ló bá pè mí lálẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni. Ìbọn ìléwọ́ tí mo rà lọ́jọ́sí, abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ ni mo máa ń fi sí. Ṣé kí n kàn gbé e síbẹ̀ kí n máa bọ̀?"

Mo ní kó má tíì sùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò kéré.

Ọ̀nà Birmingham àti Knoxville ló fẹ́ gbà. Láti Texas, gba Louisiana, Mississippi, Alabama, Georgia àti Tennessee, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì dá lẹ́kun, kó tó fi ìbọn ìléwọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Tó bá wọ Virginia, nǹkan á yí díẹ̀: abẹ́ ìjókòó kò dáa mọ́, àfi kó wà nínú àpótí tàbí ibi tó ní ìdérí nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Virginia ni afárá Woodrow Wilson wà, èyí tó gba orí odò Potomac kọjá láti Alexandria lọ sí Prince George's County. Afárá náà kò ju bíi máìlì kan lọ. Tí táyà bá ti kan òdìkejì, ìbọn kan náà, ọkọ̀ kan náà, ọkùnrin kan náà, ti di ẹ̀sùn tó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n.

Gíríìn káàdì ló sì ní lọ́wọ́, kò tíì di ọmọ ìlú. Ìyẹn gan-an ló lé oorun kúrò lójú mi.

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi láàárín wa. Ẹnìkan á ní ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá wù ú ló ń gbé ìbọn. Ẹlòmíràn á ní àfi ọmọ ìlú. Ẹlòmíràn á ní ìwé tí òun gbà ní Texas, gbogbo Amẹ́ríkà ló kárí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó tọ̀nà.

Ìdí tí ó fi ń da èèyàn lójú rú ni pé ìjọba méjì ló ń ṣe òfin yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní Washington kan gbogbo ìpínlẹ̀ 50, kò sí ìpínlẹ̀ tó lè yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á wá fi tirẹ̀ lé e. Texas kò fi ohun púpọ̀ lé e. New York, New Jersey, Maryland, Illinois àti California fi púpọ̀ lé e.

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló ń sọ ibi tí ìpínlẹ̀ lè lé e dé. Àtúnṣe Kejì sí ìwé òfin ilẹ̀ náà, èyí tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn, ti wà láti 1791, ṣùgbọ́n fún ohun tó lé ní igba ọdún ni wọ́n fi jiyàn bóyá ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni tàbí ti ẹgbẹ́ ológun ìpínlẹ̀. Ọdún 2008 ni ilé ẹjọ́ náà tó sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo-bọyọ̀ nínú ẹjọ́ Heller pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ín, kó fi ṣọ́ ilé rẹ̀. Ní 2010, nínú ẹjọ́ McDonald tó wá láti Chicago, wọ́n ní ìpínlẹ̀ àti ìlú ńláńlá pàápàá gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Ẹjọ́ Bruen ló wá da omi rú ní oṣù kẹfà 2022. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn jáde ní New York gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìdí tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ará àdúgbò. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ìyẹn. Ìpínlẹ̀ ṣì lè ní kí ẹ gba ìwé àṣẹ, kí ẹ lọ kẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tẹ̀ka. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, kò sí òṣìṣẹ́ tó lè ní ìdí yín kò wu òun.

Kí a tó lọ síwájú, ohun mẹ́ta kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ pò pọ̀: kí a ra ìbọn, kí a ní in nílé, kí a gbé e rìn. Lójú òfin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìpínlẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ rà á wọ́ọ́rọ́wọ́, kó sì gbé yín tí ẹ bá dà á sápò jáde. Ibi tí mo ti rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó sí wàhálà jù nìyí: wọ́n rò pé rìsíìtì ìbọn ni ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká dé orí káńtà. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan ní Houston, ẹ nawọ́ sí èyí tí ẹ fẹ́ lẹ́yìn gíláàsì. Ọlọ́jà á gba káàdì ìdánimọ̀ yín, á sì ti fọ́ọ̀mù kan sí yín. Fọ́ọ̀mù 4473 ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan náà sì ni ní gbogbo Amẹ́ríkà, torí òfin àpapọ̀ ló ni ín. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé 21 kí ṣọ́ọ̀bù tó ta ìbọn ìléwọ́ fún yín, 18 fún ìbọn gígùn. Lẹ́yìn orúkọ àti àdírẹ́sì ni ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo ń rà á fún? Ṣé wọ́n ti dá ọ lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè ju ọdún kan lọ? Ṣé kóòtù ti pàṣẹ pé kó o jìnnà sí ọkọ tàbí aya rẹ? Ṣé wọ́n ti dá ọ lẹ́bi pé o na ará ilé rẹ, bó ti wù kí ẹjọ́ náà kéré tó? Ṣé ò ń lo igbó? Ṣé físà onígbà díẹ̀ lo fi wọlé?

Tí ẹ bá fọwọ́ sí i tán, ọlọ́jà á kàn sí ètò àyẹ̀wò tí FBI ń bójú tó, èyí tí wọ́n ń pè ní NICS, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kọkànlá 1998. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣẹ́jú mélòó kan ni èsì fi ń dé. Tí èsì kò bá dé lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, òfin àpapọ̀ gba ọlọ́jà láàyè kó tà á bẹ́ẹ̀. Ihò yìí ni ẹni tó pa èèyàn mẹ́sàn-án nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Charleston ní 2015 gbà. Láti 2022, wọ́n lè fa ti ẹni tí kò tíì pé 21 gùn dé ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá.

Mẹ́ta nínú ìbéèrè yẹn ló yẹ ká dúró lé lórí, torí wọ́n kàn wá ju bí a ṣe rò lọ.

Àkọ́kọ́ ni igbó. Ní Maryland, láti oṣù keje 2023, ẹni tó ti pé 21 lè wọ ṣọ́ọ̀bù, kó ra igbó, kó gba rìsíìtì, kó sì kí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà. Lójú òfin àpapọ̀, igbó ṣì ni igbó, ẹni tó ń lò ó kò sì gbọ́dọ̀ ní ìbọn. Káàdì dókítà tí wọ́n fi ń ra igbó fún ìtọ́jú ara pàápàá kò yọ ẹnìkan. Fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ kọ ìkìlọ̀ yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè náà. Àwọn kóòtù ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá purọ́ sórí fọ́ọ̀mù ti dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn kún un.

Èkejì ni "ṣé ìwọ fúnra rẹ lo ń rà á fún?" Láàárín wa, kí ẹ̀gbọ́n bá àbúrò rajà, kí àbúrò san owó rẹ̀ padà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ń ṣàlàyé. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Virginia, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, ṣe irú rẹ̀. Arákùnrin òbí rẹ̀ kan tó wà ní Pennsylvania fẹ́ ìbọn. Ó ronú pé ṣọ́ọ̀bù á ṣẹ́wó fún òun torí iṣẹ́ ọlọ́pàá tí òun ti ṣe, ó gba owó lọ́wọ́ bàbá náà, ó rà á, ó fi àmì bẹ́ẹ̀ ni sí i pé òun lòun ń rà á fún. Bàbá náà kò ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn. Tó bá fúnra rẹ̀ lọ, wọn ì bá tà á fún un. Síbẹ̀, ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ẹ̀bi ni. Abramski ni wọ́n ń pe ẹjọ́ náà, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Ẹ lè fi owó ara yín ra ìbọn kí ẹ fi ta ẹni tí òfin kò dá lẹ́kun lọ́rẹ. Kí ẹlòmíràn fún yín lówó kí ẹ bá a rà á ni ìjàngbọ̀n. Tó bá wá jẹ́ ẹni tí òfin dá lẹ́kun ni ẹ bá rà á, òfin 2022 fi ẹ̀wọ̀n tó lè dé ọdún 15 sí i.

Ẹ̀kẹta ni físà. Ẹni tó ní gíríìn káàdì lè ra ìbọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú, tó bá ti ń gbé ìpínlẹ̀ náà tó sì ní ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, físà iṣẹ́ bíi H-1B, tàbí físà ìbẹ̀wò, kò gbọ́dọ̀ rà á, kò sì gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́. Ẹni tí físà rẹ̀ ti kú tó ṣì wà nílùú náà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Òfin àpapọ̀ wá fi fèrèsé kan sílẹ̀ fún àwọn onífísà, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ìpínlẹ̀ fún un, tí kò tíì kú, lè rà á. Nọ́ọ̀sì tó wá láti Ìbàdàn lórí H-1B, tí kò pa ọ̀kẹ́rẹ́ rí, lè lọ gba ìwé ọdẹ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, kó sì di ọmọ Ògún lójú òfin àpapọ̀. Nílé wa, ojú ìjúbà ni ọdẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ tí nọ́ọ̀sì náà ń gbé lè ti fèrèsé yẹn pa, kó bi ọlọ́gbọ́n kó tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ohun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni àwòrán tí mò ń rí lórí Instagram. Ọmọ wa kan dé láti Èkó lórí físà ìbẹ̀wò, ó ń ṣe ọjọ́ìbí, àwọn ọ̀rẹ́ mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn ní Atlanta tàbí Houston, ó háyà ìbọn, ó wọ gíláàsì dúdú, ó ya fọ́tò. Lójú òfin, kí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti jẹ́ pé o ní in. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti United Arab Emirates, tí yunifásítì lé ní Florida torí èsì ìdánwò, tí físà rẹ̀ sì bọ́, ni wọ́n tìtorí ìbọn tó lọ yìn ní irú ibẹ̀ gbé lọ sí kóòtù. Ó gba ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní 2019 wọ́n ní ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ̀ pé òun kò ní ìwé ìgbélùú mọ́. Rehaif ni orúkọ ẹjọ́ náà, ó sì ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀nà ti jìn tó láti orí pápá ìbọn yíyìn dé iwájú adájọ́ mẹ́sàn-án.

Gbogbo èyí ni ti ìjọba àpapọ̀. Ní Texas, tí àyẹ̀wò bá ti kẹ́sẹ járí, ẹ san owó, ẹ gbé ìbọn yín, ó parí. Kò sí ìwé àṣẹ, kò sí ọjọ́ tí ẹ máa dúró.

Ní Maryland, tó bá jẹ́ ìbọn ìléwọ́ ni, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìwé àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní HQL, èyí tó wá pẹ̀lú òfin 2013: ẹ ó tẹ̀ka, ẹ ó gba ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́rin, ẹ ó sì yin ìbọn níwájú olùkọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó yan èyí tí ẹ fẹ́, ẹ ó dúró ọjọ́ méje. Àwọn kan pe ẹjọ́ pé HQL pọ̀ jù. Ní 2024 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ ní kí ó dúró. Illinois ní káàdì FOID, ìwé àṣẹ láti ní ìbọn, ẹ kò sì lè ra ọta ìbọn pàápàá láìní in. New Jersey fẹ́ ìwé fún ìbọn ìléwọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì ju ẹyọ kan lọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. California ní kí ẹ dúró ọjọ́ mẹ́wàá fún ìbọn yòówù.

Ẹ má wá rò pé ẹ ó sá fún wàhálà Maryland kí ẹ lọ rà á ní Virginia ní ìsinmi ọ̀sẹ̀. Òfin àpapọ̀ kò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù fi ìbọn ìléwọ́ lé ẹni tí kì í gbé ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ọlọ́jà tó ní ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ yín, ibẹ̀ ni ẹ ó ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ.

Ní ti kí ènìyàn lásán ta ìbọn tirẹ̀ fún ènìyàn lásán, òfin àpapọ̀ kò ní kí ó ṣe àyẹ̀wò NICS. Texas náà kò ní. Maryland, California, New York àti Illinois ní kó ṣe é. Mo ní ojú tí mo fi ń wo irú ọjà bẹ́ẹ̀: ìbọn tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá pàdé ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ kò mọ ẹni tó ti fi ṣe kí ni.

Ó wá kan gbígbé rìn, ibi tí òfin ti ń fò bí tata. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ìpínlẹ̀ 29 ló ti ní kí àgbàlagbà tí òfin kò dá lẹ́kun máa gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé. Vermont kò bèèrè ìwé rí láti ayébáyé. Texas bọ́ sínú ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2021, Georgia ní 2022, Florida ní oṣù keje 2023. Ní òdìkejì, New York fẹ́ ẹ̀kọ́ wákàtí 16 nínú yàrá àti wákàtí méjì lórí pápá. Illinois àti Maryland náà fẹ́ wákàtí 16. Ìwé ìgbébọn ti Maryland sì yàtọ̀ pátápátá sí HQL: HQL ni kí ẹ fi rà á, kò ní kí ẹ gbé e jáde.

Láìgba ìwé kò túmọ̀ sí níbi gbogbo. Ẹni tó ń gbé Texas gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ẹnu ọ̀nà. Tí ẹ bá rí 51% tí wọ́n fi pupa kọ gàdàgbà, ilé ọtí ni, ìdajì owó rẹ̀ ó lé láti inú ọtí tí wọ́n ń mu níbẹ̀ ló ti ń wọlé. Ẹ má gbé ìbọn wọ ibẹ̀. Tí ẹ bá rí pátákó tó mẹ́nu kan 30.05, 30.06 tàbí 30.07, oníṣọ́ọ̀bù ló ń sọ pé òun kò fẹ́ ìbọn nínú ilé òun. 30.05 ni ti ẹni tí kò ní ìwé, 30.06 ni ti ẹni tó ní ìwé tó fi pa mọ́ sára, 30.07 ni ti ẹni tó ní ìwé tó gbé e sí gbangba. Òfin tún sọ bí lẹ́tà 30.06 ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó: kò gbọ́dọ̀ kéré sí ínǹṣì kan, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Spéènì. Ó wù mí kí wọ́n fi Yorùbá kún un ní àdúgbò wa.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Àwọn aṣọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bèèrè èyí gan-an. Ní Georgia, ìbọn kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìjọsìn àfi tí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bá gbà á. Texas yí i padà: ó lè wọlé àfi tí ilé ìjọsìn bá ní rárá. New York kọ́kọ́ tì í pátápátá ní 2022, ó sì ṣí i díẹ̀ ní 2023 fún àwọn tí ààbò ilé ìjọsìn wà ní ìkáwọ́ wọn.

Òfin àpapọ̀ kan tún wà tí àwọn tí kò gba ìwé kì í rántí. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé ìbọn dé ìwọ̀n 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ilé ìwé, àfi tó bá ní ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ tí ilé ìwé náà wà fún un, tàbí tí ìbọn náà bá ṣófo tó sì wà nínú àpótí tí wọ́n tì. Ilé tàbí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìjọba kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n títì wà nínú rẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ gba àárín Houston, kí ẹ ka iye ilé ìwé tí ẹ kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ará Texas pé kí wọ́n lọ gba ìwé àṣẹ ìgbébọn tí òfin kò fi dandan lé. Ìwé yẹn náà ni àwọn ìpínlẹ̀ kan tó gba ti Texas yóò wò tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn kan ni mo wí. Ìwé ìgbébọn kò dà bí ìwé ìwakọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri. California, New York àti New Jersey kì í gba ti ìpínlẹ̀ mìíràn rárá. Ní 2013, ìyá ọlọ́mọ méjì kan láti Philadelphia wa ọkọ̀ gba New Jersey pẹ̀lú ìbọn tí ó ní ìwé Pennsylvania fún. Ọlọ́pàá dá a dúró torí ọ̀rọ̀ ìwakọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì la ẹnu pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun, ìwé rẹ̀ rèé. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ó kéré tán halẹ̀ mọ́ ọn. Àfìgbà tí gómìnà Chris Christie dárí jì í ní 2015 ni ọ̀rọ̀ náà tó tán.

Fún ẹni tó kàn ń kọjá lọ, òfin àpapọ̀ kan ti 1986 ṣí ọ̀nà. Tó bá tọ́ sí yín láti ní ìbọn níbi tí ẹ ti ń bọ̀, tó sì tọ́ sí yín níbi tí ẹ ń lọ, ẹ lè gbé e la ìpínlẹ̀ tó wà láàárín kọjá, bí ó bá ṣófo, tí òun àti ọta rẹ̀ kò sì sí níbi tí ọwọ́ lè tó láti ìjókòó. Nínú búùtù ni. Tí ọkọ̀ kò bá ní búùtù, inú àpótí tí wọ́n tì ni, kì í ṣe àpótí kékeré iwájú ọkọ̀. Ẹ sì gbọ́dọ̀ máa lọ. Ọkùnrin kan láti Utah wọ bàálù ní 2005, ó ti kéde ìbọn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bàálù kejì já a kulẹ̀ ní Newark, New Jersey, wọ́n dá báàgì rẹ̀ padà fún un, ó gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì láti sùn. Nígbà tó padà lọ kéde ìbọn náà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n mú un. Lójú kóòtù, ìbọn ti wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó nínú òtẹ́ẹ̀lì yẹn, òfin ẹni tó ń kọjá lọ kò sì bò ó mọ́.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, ìbọn gbọ́dọ̀ ṣófo, kó wà nínú àpótí líle tí wọ́n tì, kí ẹ kéde rẹ̀ ní káńtà, kó sì wọ abẹ́ bàálù. Ní 2023, ìbọn 6,737 ni TSA, àjọ tó ń yẹ èrò àti báàgì wò ní pápákọ̀, rí nínú báàgì ọwọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ọta nínú. "Mo gbàgbé ni" ni ọ̀pọ̀ wọn wí.

Tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, òfin ìpínlẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹ gbọ́dọ̀ tètè sọ pé ìbọn wà lára yín. Michigan ní kí ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ní Texas, ẹni tó ní ìwé gbọ́dọ̀ mú un jáde nígbà tí ọlọ́pàá bá bèèrè ìdánimọ̀. Èmi kò lè kọ èyí láìrántí Philando Castile, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá dá dúró ní Falcon Heights, Minnesota, ní oṣù keje 2016. Ó ní ìwé àṣẹ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun. Ọlọ́pàá náà yin ìbọn méje, ó kú, kóòtù sì dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárì, iná inú ọkọ̀ ní títàn, ẹ má nawọ́ sí ohunkóhun kí wọ́n tó ní kí ẹ nawọ́: kò sí òfin tó kọ èyí, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ àwọn ọmọ mi.

Èyí tí mo wá tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ti ẹni tí kò tíì di ọmọ ìlú. Òfin ìgbélùú Amẹ́ríkà ní gbólóhùn kan pé àlejò tí kóòtù bá dá lẹ́bi pé ó ra ìbọn, ó tà á, ó ní in tàbí ó gbé e lọ́nà tó lòdì sí òfin, ti di ẹni tí wọ́n lè lé padà sílé. Gíríìn káàdì kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀sùn tí ọmọ ìlú á fi owó ìtanràn àti ìkìlọ̀ jáde nínú rẹ̀ lè gba ogún ọdún ìgbé ayé ẹlòmíràn lọ, ilé, iṣẹ́, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Láti ẹjọ́ Padilla ní 2010, agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà rẹ̀ bí ẹ̀bi tó fẹ́ gbà ṣe máa kan ìwé rẹ̀. Tí tiyín kò bá sọ ọ́, ẹ bi í kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe ẹrú kó ní kí ẹ bá òun gbé ọ̀kan wá sílé. Lábẹ́ òfin ìbọn Nàìjíríà, ìbọn ìléwọ́ wà nínú àwọn tó jẹ́ èèwọ̀, Ààrẹ nìkan ló lè fúnni ní àṣẹ rẹ̀. Ṣakabùlà tí bàbá ń fi ṣọdẹ ni kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ń fọwọ́ sí.

Àbúrò mi tú ìbọn náà ní yàrá ní Houston lóru ọjọ́ yẹn, èmi lórí fóònù. Ó yọ ọta, ó kà wọ́n sínú ike, ó ti ìbọn mọ́ inú àpótí, ó kó méjèèjì sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Ó ní ṣé òun kò lè fi í sábẹ́ ìjókòó títí dé Virginia, kí òun tó tú u níbẹ̀. Mo bi í pé ta ni yóò máa ka ọta lẹ́bàá ọ̀nà ní agogo mẹ́ta òru. Ó rẹ́rìn-ín.

Maryland fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ní ọjọ́ 90 láti forúkọ ìbọn ìléwọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Dọ́là 15 ni, bó ti wù kí ìbọn náà pọ̀ tó. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló ṣe é, ó sì fi fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́ sí mi. Ìbọn náà ṣì wà nínú àpótí.